Èwo Ni Àǹtí Mi Máa Kọ́kọ́ Sọ fún Bàbá

Lọ́dún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé, mo padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìkòsì, ní Kétu, pẹ̀lú báàgì aṣọ kan àti ìmọ̀ púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ẹ̀kọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́. Ní sáà tó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, wọ́n kọ́ wa bí èèyàn ṣe lè dúró níwájú àwọn ẹlòmíì kó sọ̀rọ̀ títí ọkàn wọn á fi yí sí tirẹ̀. Olùkọ́ wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń gbé ife tíì wọ kíláàsì, sọ fún wa pé kì í ṣe ohun tí èèyàn sọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé èyí tó kọ́kọ́ sọ àti èyí tó sọ kẹ́yìn ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n ní etí ọmọ èèyàn máa ń là dáadáa níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì tún máa ń là nígbà tó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí, ṣùgbọ́n ní àárín, ó máa ń tòògbé. Nítorí náà, kí a fi ohun tó lágbára bẹ̀rẹ̀, kí a fi èyí tó lágbára jù parí, kí a sì tọ́jú èyí tí kò dá wa lójú sí àárín.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nílé. Tí mo bá fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Mende, màá kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ mi dáadáa kí n tó lọ bá Mọ́mì nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn. Wọ́n á gbọ́ mi dé òpin, wọn ò ní já lu ọ̀rọ̀ mi. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní, "Ó ti tán? Ó dáa. Lọ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù." Síbẹ̀, mi ò sọ ìrètí nù.

Àwa tí a wà nínú ilé nígbà náà kò pọ̀. Dádì ń ta wáyà àti gúlóòbù ní Ojota. Mọ́mì ń ránṣọ níwájú ilé. Èmi wà níbẹ̀ nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Lẹ́yìn wa ni Àǹtí, àbúrò Mọ́mì, àbígbẹ̀yìn bàbá wọn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Yàrá kan náà ni èmi àti Àǹtí ń lò, bẹ́ẹ̀dì kan náà la sì ń sùn sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ púpọ̀. Ó ti ní kí n yéé pe òun ní "ẹ", ṣùgbọ́n Mọ́mì kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. Nítorí náà, "ẹ" ni mò ń pè é tí Mọ́mì bá wà nítòsí, mo sì ń pè é ní "o" tó bá ku àwa méjèèjì. Ohùn rẹ̀ máa ń há ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nítorí ariwo kíláàsì, a sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí di Mọ́ńdè bí ẹni tó ní àṣírí.

Ní tòótọ́, àṣírí wà. Àǹtí ti rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Alálùbọ́sà ni, ní ọjà Mile 12. Àpò àpò ló ń tà á, àwọn tírélà ló ń kó o wá fún un láti Òkè Ọya, ó sì gbọ́ Haúsá débi pé àwọn awakọ̀ náà máa ń bi í pé ìlú wo gan-an ló ti wá lọ́hùn-ún. Ilé ìwé tí Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Èmi ń pè é ní Ọ́ńkù. Tó bá wá kí wa, òórùn àlùbọ́sà á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, Dádì á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú òun ti ń sun omi ayọ̀ kí òun tó rí i. Dádì fẹ́ràn rẹ̀. Mọ́mì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni Bàbá, bàbá Mọ́mì àti Àǹtí, tó wà ní ìlú wọn lápá Ìjẹ̀bú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi ṣe olùkọ́ ìjọ. Tí àlùfáà kò bá lè wá lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló máa ń wàásù. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gba ìwé orin lọ́wọ́ wọn. Látìgbà tí màmá àgbà ti kú, Àǹtí ló sún mọ́ wọn jù nínú gbogbo ọmọ. Òun ló ń pè wọ́n lórí fóònù ní alaalẹ́, tí wọ́n á jọ kọ ẹsẹ orin kan kí wọ́n tó dá fóònù náà dúró. Mùsùlùmí sì ni Ọ́ńkù, ìyá rẹ̀ ti lọ Mẹ́kà, kò sì sí ìgbà kankan tó sọ pé òun máa yí padà.

Nígbà tí a gbọ́ pé Bàbá ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa kí wọ́n lè gba awò ojú tuntun, Àǹtí pè mí sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ó da ẹ̀wà sórí àtẹ, ó ní ká jọ máa ṣà á.

"Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀," ó ní. "Bá mi to tèmi."

Mo ti ń retí irú ìgbà yìí látìgbà tí mo ti dé. Mo ní kó kọ́kọ́ ka gbogbo ohun rere tó wà lára Ọ́ńkù fún mi. Ó ní ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kò sí òwúrọ̀ tó máa lọ sọ́jà láìkọ́kọ́ yà lọ kí i. Ó ní kì í mu ọtí, kì í fa sìgá. Ó ní òṣìṣẹ́ gidi ni. Ó ní ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, pé Ìkòsì náà ni, òun á máa rí Mọ́mì lójoojúmọ́. Ó ju òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà náà, ó wá ní, "Inú mi máa ń balẹ̀ tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí inú Màámi ṣe máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá."

"Ìyẹn la máa fi parí," mo sọ kíá. "Bàbá ò ní lè dáhùn ìyẹn."

"Mùsùlùmí tó jẹ́ ńkọ́?"

Ibẹ̀ la ti jiyàn títí ẹ̀wà fi tán lórí àtẹ. Àǹtí kọ́kọ́ rò pé kí òun má tilẹ̀ sọ ọ́, kí òun jẹ́ kí Bàbá rí Ọ́ńkù kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ná. Mo ní tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á mọ̀. Ó ní kí òun wá fi í parí. Mo ní ohun tí wọ́n bá gbọ́ kẹ́yìn ni wọ́n á gbé sùn. Mọ́mì, tí a kò mọ̀ pé wọ́n wà ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ní kí a fi sí ibi tí kò ti ní hàn jù. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú ló máa ṣíwájú, ọ̀rọ̀ màmá àgbà ló máa kẹ́yìn, Mùsùlùmí yóò wà ní àárín, láàárín iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ tí kò jìnnà. Àǹtí sì há a sórí. Tó bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló sì ti máa ń sáré, ibi Mùsùlùmí yẹn.

Dádì lọ pàdé Bàbá ní Ojota lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá gbé iṣu mélòó kan àti gàrí Ìjẹ̀bú wá. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n na ọwọ́ sí Àǹtí, wọ́n ní ó ti rù, Àǹtí sì ní Bàbá ló rù, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, tí oníkálukú ń fi ọwọ́ wo apá ẹnì kejì.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Àǹtí kúnlẹ̀ níwájú Bàbá ní pálọ̀. Dádì ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n wà nílé. Mọ́mì wà nídìí máṣíìnì wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n máṣíìnì náà kò dún. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú bíi pé èmi gan-an ni mo fẹ́ lọ́kọ.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Mò ń gbọ́, ọmọ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó sọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ sọ́jà, Bàbá mi orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀ ọtí àti sìgá, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìka wọn ń lu apá àga jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọ́ orin. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìka yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n kò yé mi. Àǹtí fa èémí, ó ní, "Mùsùlùmí ni ṣùgbọ́n ó gbà kí n máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, ilé rẹ̀ náà ò jìnnà, Ìkòsì níbí náà ni," gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìka náà dúró. Kò tún lù mọ́, àní nígbà tí Àǹtí dé orí ọ̀rọ̀ màmá àgbà, tó sì sọ ọ́ dáadáa ju bó ṣe sọ ọ́ nídìí abọ́ lọ.

Bàbá jẹ́ kó parí. Wọ́n ní, "O ti sọ gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí lo sọ kó tó kan ilé tí ò jìnnà?"

Àǹtí bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ṣé o rò pé mi ò wàásù rí ni?" Ohùn wọn kò le. "Nígbà tí mo bá fẹ́ kí ìjọ wá ro oko ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, tí mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́, ibo lo rò pé mo máa ń fi í sí? Àárín náà ni. Lẹ́yìn Ábúráhámù, kó tó kan ìdúpẹ́. Bí o ṣe ń yìn ín, tí o ń yìn ín, ni mo ti ń sọ fún ara mi pé nǹkan kan ń bọ̀. Mi ò gbọ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun tó ń bọ̀ ni mò ń retí."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ̀sìn rẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Mo máa ro ìyẹn. O fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn ló dùn mí. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ń fi í pamọ́ bí ohun ìtìjú, kí lo fẹ́ kí èmi fi í ṣe?"

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í wa máṣíìnì wọn padà, Dádì sì bọ́ síta lọ wo jẹnẹrétọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe. Àǹtí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Mo fẹ́ sọ pé ó sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbé orí lé èjìká mi, mo sì rí i pé kò nílò ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa jọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kọrin sókè débi pé àwọn tó wà níwájú yíjú padà wo ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, Àǹtí sì gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti gé èékánná ẹsẹ̀ wọn, torí wọn ò ríran gé e mọ́. Èmi ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Kò tíì gé ìka kejì tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, Mùsùlùmí ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́."

"O ti sọ ọ́ lánàá."

"Mi ò sọ ọ́ lánàá. Mo fi pamọ́ ni. Òní ni mò ń sọ ọ́."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Kò sí nínú ohun tí a jọ tò. Bàbá yí ẹsẹ̀ wọn kó lè rí ìka tó kàn gé.

"Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù," Àǹtí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀rù ń bà yín pé tí mo bá dé ilé rẹ̀, mi ò ní lè kọrin mọ́. Ẹ̀rù ń bà yín pé àwọn ọmọ mi ò ní mọ orin tí ẹ kọ́ wa. Ẹ̀rù ń bà yín pé lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́, tí wọ́n bá fúngun mọ́ mi, kò ní sí ẹni tó máa gbèjà mi."

"Àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì," Bàbá sọ. "Wọ́n á máa bi mí pé ọmọ mi dà."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa." Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn síwájú. "Kí wá ni ìdáhùn rẹ?"

"Ti orin kíkọ, mo ti bá a sọ ọ́, ó ní òun ò ní dí mi lọ́wọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ti àwọn ọmọ, a ò tíì parí ẹ̀. Àwa méjèèjì ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ti ẹni tó máa gbèjà mi, ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ wa nínú ilé yìí, ẹ bi wọ́n. Ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní ìdáhùn kankan, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, inú imú ló ti jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Kí lo tiẹ̀ rí lára ọmọ náà gan-an? Má sọ ti sìgá fún mi o."

Ìgbà náà ni Àǹtí sọ ohun tí kò sọ fún mi nídìí ẹ̀wà, bóyá torí pé èmi kò bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà wà ní kíláàsì òun, ó sì máa ń sunkún ní gbogbo òwúrọ̀. Àwọn tó ń mú ọmọ wá máa ń já wọn sílẹ̀ ni, wọ́n á sáré lọ ibi iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin yìí máa ń dúró lójú fèrèsé, á máa juwọ́ sí ọmọ náà. Ó ní inú kọ́kọ́ bí òun, torí bó ṣe ń juwọ́ ni gbogbo kíláàsì ń juwọ́ padà, kò sì sí ẹni tó ń wo pátákó. Ó ní òun jáde lọ bá a láti sọ fún un pé kó máa lọ sọ́jà rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá lọ nígbà tó ṣì ń sunkún, á rò pé mi ò gbọ́ òun ni."

Bàbá bèèrè pé, "Ọmọ náà dákẹ́?"

"Ó dákẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sunkún mọ́ rárá."

"Ẹsẹ̀ òsì kù," Bàbá ní. Àǹtí gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó gé e títí ó fi kan ìka tó kéré jù. "Ní kó wá," wọ́n ní. "Kó mú ìyá rẹ̀ dání."

Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n wá, lọ́sàn-án. Ọ́ńkù wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ewé, ó ti wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà kò gbà kó dá wá. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlájà, jẹ́ obìnrin tó sanra díẹ̀, tó ń ta ata ní Mile 12 láti ìgbà tí ọmọ wọn yìí ṣì wà lẹ́yìn wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí àtẹ̀gùn ilé wa, wọ́n sinmi lórí ìkíní kí wọ́n tó gun ìkejì. A kí wọn káàbọ̀, a gbé omi tútù fún wọn, Bàbá sì tún ìjókòó wọn ṣe. Mo mọ̀ pé Bàbá ti to ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ sínú láti òwúrọ̀.

Àlájà gbé ife omi kalẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi," wọ́n ní, "kó má baà di pé mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi ò sì dùn. Èmi ò fẹ́ ẹ o. Ọmọ yín dáa. Mo ti rí i, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Mùsùlùmí bíi tiwa ni mo fẹ́ kí ọmọ mi fẹ́, mo ti sọ fún un títí ó fi sú mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn."

Ọ́ńkù tẹ orí ba. Àǹtí di ọwọ́ Mọ́mì mú. Èmi wo Bàbá, mo rò pé wọ́n á dìde.

Ojú Bàbá ti ń mọ́lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Àlájà," wọ́n ní, "èmi náà ò fẹ́ ẹ."

"Háà," Àlájà sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣé, Bàbá. Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Pé tí mo bá kú, ọmọ mi ò ní rí ẹni bá a ṣàdúrà fún mi nínú ilé ẹ̀. Pé àwọn ọmọ-ọmọ mi ò ní gbààwẹ̀."

"Tèmi ni pé wọn ò ní mọ orin."

"Orin wo nínú ẹ̀?" Àlájà bèèrè, Bàbá sì kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Àlájà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dùn, wọ́n ní àwọn náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà méjèèjì ní kí a fún àwọn láyè. Gbogbo wa bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ibẹ̀, a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ohùn wọn nìkan là ń gbọ́, tí ọ̀kan á lọ, tí èkejì á bọ̀. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ẹ̀rín. Ọ́ńkù wo Àǹtí. Ó ní, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Màámi ni?" Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, orúnkún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Bàbá sì ń júwe òróró ìpara kan fún Àlájà. Bàbá ní ká jókòó.

"Kò sí èyí tí inú rẹ̀ dùn nínú àwa méjèèjì," wọ́n sọ, "ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ẹni tó máa dí yín lọ́wọ́, a ò rí. Àlájà ní òun ò lè ṣe é. Èmi náà ò lè ṣe é. Ẹ lọ jiyàn ti àwọn ọmọ yẹn tán, kí ẹ wá sọ fún wa."

Àǹtí dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láìmọ̀, Mọ́mì ló fà á dìde kó lè kúnlẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, níwájú ilé wa, láìsí ariwo púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàdúrà. Bàbá ní kí àáfà ṣíwájú, torí àlejò ni. Àáfà ní rárá o, kí Bàbá ṣíwájú, torí àgbà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, oòrùn sì ń pa wá. Mọ́mì ló sọ ọ́ sí mi létí pé kò sí èyí tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, pé ẹni tó máa gbàdúrà kẹ́yìn ni oníkálukú wọn fẹ́ jẹ́. Mọ́mì fúnra wọn ló tún un ṣe. Wọ́n ní kí àáfà ṣí ètò, kí Bàbá pa ètò dé, kí àáfà sì wá gbàdúrà sí oúnjẹ lẹ́yìn náà. Títí di òní, a kò mọ èyí tó kẹ́yìn gan-an nínú méjèèjì. Bàbá ní àwọn ni, àáfà náà ní òun ni, wọ́n sì jọ jẹun lórí tábìlì kan náà tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí yunifásítì ṣí padà, mo sọ ìtàn yìí fún olùkọ́ wa onítíì. Mo rò pé wọ́n á sọ pé àwọn ti kọ́ wa ní àṣìṣe. Wọ́n kàn mu tíì wọn, wọ́n ní tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá máa mọ ohun tó le náà bópẹ́ bóyá, ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa, kó sì gbọ́ ọ kíákíá. Wọ́n ní ibi tí èèyàn bá gbé ọ̀rọ̀ kan sí ti ń sọ fún olùgbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá bi mí pé Àǹtí mi wá lọ́kọ àbí kò lọ́kọ. Mo ní ó ti lọ́kọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i.

Ilé Àǹtí àti Ọ́ńkù kò jìnnà lóòótọ́. Nígbà tí ojú Bàbá kò dáa mọ́, tí wọn ò lè dá gbé ní ìlú, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n wá ń gbé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Mọ́mì bínú sí i díẹ̀. Àwọn ọmọ Àǹtí gbọ́ kéwú, wọ́n sì mọ gbogbo orin Bàbá, torí kò sí ibi tí wọ́n lè sá gbà nínú ilé yẹn tí wọn ò ní gbọ́ ọ. Nígbà tí ààwẹ̀ bá dé, Ọ́ńkù máa ń rọra jí láti jẹ sààrì kó má baà yọ Bàbá lẹ́nu, ṣùgbọ́n Bàbá á ti jókòó sídìí tábìlì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kò dáa kí ọkùnrin máa dá jẹun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ ọjà, Ọ́ńkù á dìde lọ kírun. Tó bá di aago mẹ́jọ, Bàbá á pe Àǹtí, wọ́n á bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ò tíì rí oúnjẹ àárọ̀ àwọn.